Kíkọ́ Ohun Èlò Orin Nígbà Tí Ènìyàn Ti Dàgbà: Ìbéèrè Kan àti Àwọn Ìdáhùn Rẹ̀

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún, n kò sì tíì fọwọ́ kan ohun èlò orin kankan rí, àfi kí n máa pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń kọrin. Ọkàn mi ń fà sí dùùrù gidigidi, gìtá náà sì wù mí. Àwọn tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ń sọ fún mi pé ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ti pẹ́ jù, pé ìka àgbàlagbà ti le, àti pé ọpọlọ rẹ̀ kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ kò jẹ́ kí n ráyè púpọ̀, àwọn tó múlé tì mí sì sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀ bá mi dá sí i. Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe? Ohun èlò wo ni kí n mú? Ṣé dandan ni olùkọ́, àbí kí n máa wo fídíò? Báwo sì ni kí n ṣe máa lo ìwọ̀nba àkókò tí mo ní?

Onídùùrù

Ẹ kú ìfẹ́ ẹ̀kọ́. Mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní dùùrù títẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti bímọ, kí wọ́n tó wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí, nítorí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró kí wọ́n tó jókòó sídìí ohun èlò rárá.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n lè gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìfi í wé òmíràn. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀bùn yẹn láti kékeré kì í sábà ní in mọ́ tó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n orin kò dúró lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi orin jẹun pàápàá ni kò ní in. Ohun tí olórin ń lò lójoojúmọ́ ni mímọ bí ohùn kan ṣe jìnnà sí èkejì, bóyá ó gòkè ni tàbí ó sọ̀ kalẹ̀, àti pé ìgbésẹ̀ mélòó ló fi gòkè. Èyí ṣeé kọ́ ní ọjọ́ orí yòówù tí ènìyàn bá wà. Ní ti ọpọlọ, ti àgbàlagbà ṣì ń yí padà bó bá ń kọ́ ohun tuntun, bó tilẹ̀ lè béèrè àsọtúnṣe ju ti ọmọdé lọ. Àgbàlagbà sì ní àǹfààní tí ọmọdé kò ní: ó lóye àlàyé, ó mọ orin púpọ̀ ní orí, kò sì sí òbí tó ń fi tipátipá mú un jókòó.

Ohun tí mo rí pé ó ń ṣe àgbàlagbà ní ìjàǹbá gan-an ni etí rẹ̀. Etí yín ti ń gbọ́ orin tó dára láti ogójì ọdún, ó sì mọ bó ṣe yẹ kí orin dún, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò tíì ṣe é rí. Ọmọ ọdún méje tẹ ohùn mẹ́ta, inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ pe ìyá rẹ̀ kó wá gbọ́. Àgbàlagbà tẹ ohùn mẹ́ta kan náà, ó gbọ́ bí kò ṣe dùn, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀, ó sì pa dùùrù dé. Nínú àwọn tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ìtìjú ló lé ọ̀pọ̀ wọn lọ, n kò sì tíì rí ẹni tí ìka líle lé lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbà pé fún oṣù mélòó kan, etí yín yóò máa ṣáájú ọwọ́ yín, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Onígìtá

Mo fara mọ́ ohun tí Onídùùrù sọ. Ní ti èwo ni kí ẹ mú, ìdáhùn mi kò gùn: ẹ mú èyí tí ìró rẹ̀ ń wù yín, nítorí ìró yẹn ni ẹ óò máa gbọ́ ní àìmọye ìgbà kí ó tó dùn. Ẹni tí violin wù, tí wọ́n ní kó lọ kọ́ gìtá nítorí pé gìtá rọrùn, kò ní pẹ́ sú u. Síbẹ̀, ó dára kí ènìyàn mọ ìṣòro tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó náwó.

Àǹfààní dùùrù ni pé ohùn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tẹ kíì tó tọ́ yóò gbọ́ ohùn tó tọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Píánò kíkún ní kíì 88, 52 funfun àti 36 dúdú, iye yẹn sì máa ń dẹ́rù ba àkọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé kíì 12 kan náà ló ń tún ara wọn ṣe láti òsì dé ọ̀tún, àwọn dúdú sì tò ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta kí ojú lè mọ ibi tó wà. Kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá mọ̀ pé orin píánò gan-an ni ẹ ń lépa, ẹ wá èyí tí kíì rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ bíi ti píánò. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín títẹ̀ líle àti títẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má gbà á bí wọ́n tilẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ìka tó bá kọ́ lórí irú rẹ̀ yóò tún ẹ̀kọ́ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá dé ìdí píánò. Kíbọ́ọ̀dù tún gba kí ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, kí ẹ̀yin nìkan máa gbọ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀, èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tó múlé tì yín.

Gìtá ní okùn mẹ́fà. Láti orí èyí tó nípọn jù dé orí èyí tó tín-ín-rín jù, ohùn wọn, tí a máa ń fi lẹ́tà pè, ni E, A, D, G, B àti E. Ìka òsì ni yóò kọ́kọ́ fi ara gbá ìyà, nítorí okùn yóò máa dùn ún ní orí títí awọ ibẹ̀ yóò fi le, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Okùn ọ̀rá rọ̀ ju okùn irin lọ. Bí okùn bá ga jù sókè ọrùn gìtá, kò sí ọwọ́ tí kò ní dùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó mọ gìtá tún ṣe lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rò pé ọwọ́ àwọn kò tó ni gìtá wọn kò dára. Ẹ sì máa tún okùn ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ohùn A tí àwọn olórin káàkiri ayé gbà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ kékeré tàbí áàpù orí fóònù sì lè bá yín yí okùn yín mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi gìtá tí kò bára mu dánra wò ń kọ́ etí rẹ̀ ní ohun tí kò tọ̀nà.

Ní ti violin, kò sí irin kankan ní ọrùn rẹ̀ bíi ti gìtá tí yóò sọ fún ìka ibi tí yóò dúró sí. Etí nìkan ló ń darí, ọwọ́ kejì sì gbọ́dọ̀ máa fa ọ̀pá rẹ̀ gbọọrọ láìgbọ̀n. Ó ṣeé kọ́ ní àgbà, mo mọ àwọn tó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin tó dùn láàárín oṣù àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Afọnfèrè

Ẹ má gbàgbé àwa náà o. Fèrè kékeré oníke, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fọn, kì í ṣe ohun eré. Ó fúyẹ́, kò béèrè ìtọ́jú, ènìyàn sì lè fọn orin kan tó já gaara lórí rẹ̀ láìpẹ́. Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tuntun ń ṣe ni pé wọ́n ń fẹ́ ẹ jù, ó sì máa ń pariwo mọ́ wọn. Èémí tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ti tó o.

Ẹni tó bá ti mọ fèrè yìí lè lọ sí saxophone pẹ̀lú ìrọ̀rùn, nítorí bí a ṣe ń fi ìka dí ihò lórí àwọn méjèèjì jọra ní ọ̀nà púpọ̀. Adolphe Sax ló ṣe saxophone, ó sì gba àṣẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1846. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni ètè: iṣan ẹnu gbọ́dọ̀ gba okun, ó sì máa ń rẹ̀ kíákíá, nítorí náà àkókò kúkúrú ni ẹ lè fi dánra wò ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ sinmi láàárín. Trumpet tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnì mẹ́ta péré ló ní, ètè ló ń ṣe gbogbo ìyókù. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń pariwo gan-an, kò sì rọrùn láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ bíi kíbọ́ọ̀dù tí a fi ẹ̀rọ sétí gbọ́. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ibùgbé yín, n kò ní gbà yín níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Onídùùrù

Ní ti ọ̀nà tí ènìyàn fi ń dánra wò, mo fẹ́ gùn díẹ̀, nítorí níbí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì àti ẹni tó ń tẹ orin kan náà tó ti ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ ìsinmi lọ. Láti ìgbà tí Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìrántí jáde ní 1885 ni a ti mọ̀ pé ohun tí a bá pín kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró lórí ju ohun tí a kó pọ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Oorun náà ní ipa tirẹ̀. Ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí ọwọ́ kọ́ nígbà tí ènìyàn bá sùn, nítorí náà ibi tó kọ̀ yín ní alẹ́ lè gbà fún yín ní òwúrọ̀, láìjẹ́ pé ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bínú sí ara rẹ̀ ní alẹ́. Ẹ má sì kó ohun èlò yín sínú àpótí. Ẹ gbé e síbi tí ẹ ti ń kọjá, kó wà ní ṣíṣí, nítorí ogún ìṣẹ́jú tí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ní lè dín kù sí mẹ́wàá níbi tó ti ń tú àpótí tó sì ń wá wáyà.

Ẹ má tẹ orin láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọsẹ̀ níbi kan, wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún kọsẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan wọn yóò mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà bí ẹní mọ owó, wọn yóò sì ti kọ́ bí a ṣe ń kọsẹ̀ síbẹ̀ dáadáa, nítorí ọwọ́ kò mọ ohun tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́, ohun tí a bá tún ṣe ló ń gbà mọ́ra. Ibi tí ẹ ti kọsẹ̀ gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ yọ ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde níbẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún nìkan, kí ẹ tẹ ọwọ́ òsì nìkan, kí ẹ wá pa wọ́n pọ̀, kó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi ní ṣàṣìṣe. Bó bá ń sú yín nítorí ìlọ́ra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tó yẹ kó wà gan-an ni ó wà. Nígbà tó bá ti lọ dáadáa ní ìgbà mélòó kan léraléra, ẹ so ó pọ̀ mọ́ gbólóhùn orin tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Tí ẹ bá ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ lu nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ mú nǹkan mẹ́ta, ẹ ṣe èyí díẹ̀, ẹ ṣe ìyẹn díẹ̀, kí ẹ tún padà sí àkọ́kọ́. Lójú ara yín, yóò dà bíi pé ẹ kò ṣe dáadáa lónìí, ṣùgbọ́n lọ́la ẹ óò rí i pé ó dúró ju ti ẹni tó tẹ nǹkan kan léraléra títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń lọ fúnra rẹ̀. Bí orin kan bá sì gùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí rẹ̀: ẹ kọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ ti mọ̀ ni ẹ óò máa lọ bá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tẹ̀.

Ẹ wá metronome náà, ẹ̀rọ tó ń ró kọ̀-kọ̀-kọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù. Ẹ gbé e sí ìwọ̀n tó lọ́ra, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè.

Akọrin

Mo fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí Onídùùrù lórí metronome, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ìdíwọ̀n orin nínú ara rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn yóò kàn máa lé e kiri ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ orin náà, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tàbí kí ẹ máa pàtẹ́wọ́, títí ara yóò fi mọ ibi tí ìlù rẹ̀ ń bọ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Orin tí ènìyàn kò bá lè fẹnu kọ, ó ṣòro kó tó lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò pọn dandan kí ohùn dùn, ẹ sáà lè kùn ún.

Ohun tó mú mi wá gan-an ni ọ̀rọ̀ kíkà. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ orin tí a kọ sórí ìlà márùn-ún kà kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí do, re, mi. Guido ará Arezzo ní Ítálì ló bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀nà yìí láti fi kọ́ àwọn akọrin ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Sarah Glover àti John Curwen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sí èyí tí a fi lẹ́tà d, r, m, f, s, l, t kọ. Agbára tó wà nínú rẹ̀ ni pé do lè wà níbikíbi. Ohùn tó jẹ́ ilé orin náà ni do, ibi tí ẹ bá gbé e sí ni gbogbo ìyókù yóò tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yékéyéké lè gbé orin kan láti ibi kan sí òmíràn láìtún un kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí sì ti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Etí tó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ láti inú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti ń sọ èdè yín kì í ṣe etí tí kò mọ nǹkan. Ìgbésẹ̀ inú orin pọ̀ ju mẹ́ta lọ, ó sì gbọ́dọ̀ péye, ṣùgbọ́n etí yín ti mọ bí a ṣe ń wò ó.

Láti orí do, re, mi ni ẹ óò ti mọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a pa pọ̀. Mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́: kọ́ọ̀dù do, kọ́ọ̀dù fa àti kọ́ọ̀dù so. Bí do bá wà ní C, wọ́n di C-E-G, F-A-C àti G-B-D, kíì funfun sì ni gbogbo wọn lórí dùùrù. Orin tí a lè fi mẹ́ta yìí gbè pọ̀ lọ jàra. Ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ wọ́n, kí ẹ máa fi ẹnu kọ orin náà, ẹ ti di olórin nìyẹn, ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá sọ.

Onídùùrù

Akọrin, mo gba ti metronome, ẹ ṣeun. Ní ti ìlà márùn-ún, èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ọ́n kà, ó kéré tán ẹni tó fẹ́ tẹ dùùrù. Ọwọ́ méjì ló ń tẹ ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà do, re, mi kò sì rọrùn láti fi kọ ìyẹn sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ojú yóò fi rí i kíá. Kí ẹ fi etí bẹ̀rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ ka orin tó rọrùn púpọ̀ ju èyí tí ẹ ń tẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò máa dúró de ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ han òun.

Onígìtá

Olùkọ́ tàbí fídíò? Fídíò lè fi ohun tó yẹ kí ẹ ṣe hàn yín, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tí ẹ ń ṣe. Kò lè rí i pé èjìká yín ti gòkè dé etí, pé ọrùn ọwọ́ yín tẹ̀ kọrọdọ, tàbí pé ẹ ń di ọrùn gìtá mú bíi pé ẹnìkan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n máa ń di ìrora lẹ́yìn ọdún kan, ó sì ṣòro láti tú wọn ká. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lo owó olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kódà bó jẹ́ ìgbà díẹ̀ ni, kí ìjókòó àti ọwọ́ yín lè tọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa fúnra yín kọ́, kí ẹ máa padà lọ bá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá ń wá olùkọ́, ẹ béèrè bóyá ó ti kọ́ àgbàlagbà rí, kí ẹ sì sọ orin tí ẹ fẹ́ mọ̀ fún un lójú kojú. Èyí tó bá sọ pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ojú ìwé ọmọdé kan náà kọjá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Àwọn kan fẹ́ràn ìdánwò. ABRSM, àjọ ìdánwò orin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti 1889, ń ṣe ìdánwò láti ipele 1 dé ipele 8 fún oríṣiríṣi ohun èlò, kò sì sí ọjọ́ orí tó ga jù fún un. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó nílò ọjọ́ tí a dá fún un kó tó lè ṣiṣẹ́ ni yín, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Èmi kò ṣe é rí, n kò sì rí ohun tí mo pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara náà. Orí ìka tó ń dùn nítorí okùn kò léwu, yóò lọ. Ṣùgbọ́n ìrora tó bá wà ní ọrùn ọwọ́, ní ìgúnpá tàbí ní èjìká, tàbí ìka tó ń kú tipiri, ẹ dúró lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fara dà á. Bó bá ń padà wá, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí oríkèé ìka rẹ̀ ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ kó lọ gba ìmọ̀ràn kó tó yan ohun èlò. Ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí ẹ óò fi sétí sì ní ewu tirẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ ń lò ni pé etí lè fara da ariwo 85 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 8, bó bá sì ti fi 3 gòkè, àkókò náà yóò dín sí ìdajì. Ẹ yí i sílẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ ẹni tó bá pè yín.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti pinnu pé dùùrù ni, kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 tó mọ títẹ̀ líle àti títẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì ti wá olùkọ́ kan tí yóò máa rí mi ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìbéèrè méjì ló kù lọ́wọ́ mi. Mo dán an wò nílé ọ̀rẹ́ kan, ọwọ́ òsì mi ń fẹ́ ṣe ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, kò gbà láti dá dúró. Ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tí olùkọ́ kò bá sí níbẹ̀, kí ni yóò sọ fún mi pé mo ń tẹ̀ síwájú?

Onídùùrù

Gbogbo ọwọ́ òsì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Ọkàn kò lè fi ojú tó péye wo ọwọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ títí kò fi ní nílò ìmójútó mọ́. Ẹ tẹ ti òsì nìkan títí ẹ óò fi lè máa bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni kí ẹ fi ohùn kan ṣoṣo ti ọwọ́ ọ̀tún kún un, níbi tí ọwọ́ méjèèjì ti bọ́ sílẹ̀ pọ̀. Bí ìyẹn bá ti dúró, ẹ fi ìkejì kún un. Ẹ tún lè fi ọwọ́ méjèèjì lu orí tábìlì, kí ẹ má ronú nípa ohùn rárá, kí ó jẹ́ ti ìdíwọ̀n nìkan.

Ní ti ìtẹ̀síwájú, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tó ń tẹ̀ kì í gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣe, nítorí ọkàn rẹ̀ wà lára ìka. Ẹ gba orin kan náà sílẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì pa àwọn ti ìṣáájú rẹ́. Ìgbà kan yóò wà tí yóò dà bíi pé ẹ dúró sójú kan, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ mú orin tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti jẹ́ kó dùn sí i, dípò kí ẹ máa wá èyí tó le sí i.

Akọrin

Mo fi ọ̀kan kún un: bí kọ́ọ̀dù mẹ́ta yẹn bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ óò mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bá ẹlòmíràn ṣe é. Ẹ wá ẹnìkan tó ń kọrin, kí ẹ gbè é. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìdánrawò àdáṣe kì í sì í kọ́ ènìyàn ní òfin náà: ẹ kò gbọdọ̀ dúró. Bí ẹ bá tẹ kọ́ọ̀dù tí kò tọ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pàdé akọrin náà níbi tí ìlù tó kàn ti ń bọ̀. Bí ọwọ́ méjèèjì bá le jù fún yín, ẹ tẹ do, fa àti so nìkan pẹ̀lú ìka kan, ní gbogbo ibi tí ìlù tó lágbára jù ti ń bọ́ sí. Ẹni tó ń kọrin yóò sọ fún yín bóyá ẹ ń gbé òun tàbí ẹ ń dí òun lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tó lọ́ra, èyí tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ dé ìparí.